Kí ló dé tí òwú aláwọ̀ eérú kan náà fi ń dà bíi méjì lára aṣọ òfì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Kabba bóyá oríṣi eérú méjì ni oníṣòwò òwú tà fún yín, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ojú kì í kàn wọn iye ìmọ́lẹ̀ tó wọlé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibì kan àti àyíká rẹ̀ ló ń wò jù. Nínú awọ ẹ̀yìn ẹyinjú, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló ń ta jí bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí àárín agbègbè kékeré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ etí agbègbè náà á tún fà wọ́n sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí eérú fi ń ṣókùnkùn láàárín funfun, tó sì ń mọ́lẹ̀ láàárín dúdú.

Àlàyé yìí nìkan ò tó fún aṣọ onílà o. Bí eérú bá dí apá kan nínú ìlà dúdú tóóró, funfun ló máa kàn án jù lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju èyí tó wà nínú ìlà funfun lọ. Olùwádìí kan, Michael White, ló kọ̀wé nípa èyí ní 1979. Ó jọ pé ọpọlọ ń fi eérú náà wé ìlà tó wà nínú rẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lu ihò kékeré méjì sí páálí aláwọ̀ kan ṣoṣo, kí eérú nìkan hàn nínú ihò méjèèjì. Bí wọ́n bá bára mu, àwọ̀ eérú kan náà ni. Bí dúdú tàbí funfun bá yọjú létí ihò, ẹ̀tàn náà á padà. Ẹ má sì ṣe é ní ibi tí oòrùn ti pa apá kan, tí òjìji bo ìkejì.