Èsì: Pápá etí Odò Àlà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí

Ẹ kú làálàá o. Ẹ ní wọ́n ti ri òpó síbi pápá etí Odò Àlà ládùúgbò yín l'Ákúrẹ́, ẹ wá ń béèrè ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ má tíì ṣe ìwọ́de. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí ètò ìlú pé ẹ fẹ́ rí layout àdúgbò yín, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá "open space", ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ní kó ṣófo, ni wọ́n kọ síbi pápá yẹn. Òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí àwa ò gbà á nígbà tiwa, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, ó dùn mí gan-an.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ṣá, tí kì í ṣe ti gbogbo ìlú, ìyẹn ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹbí lẹ máa lọ bá.

Òjò ń bọ̀, ẹ ya fọ́tò. Kẹ́nì kan dúró láàárín pápá yẹn kí omi hàn lórúnkún ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i. Fọ́tò yẹn lẹ máa fi hàn wọ́n pé ibẹ̀ ni omi ń tẹ́ sí tí kì í fi í wọ yàrá yín.