Nígbà tí wọ́n bá ní "iṣan orúnkún já," iṣan wo ni?

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Mo gbọ́ lórí rédíò pé iṣan orúnkún agbábọ́ọ̀lù kan já, pé ó máa jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí iṣan ènìyàn bá já, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dà tán ni? Iṣan wo gan-an ni wọ́n ń sọ?"

Ọ̀rọ̀ "iṣan" ló fa ìdàrúdàpọ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀bi oníbéèrè. Ohunkóhun tó bá rí gbọọrọ bí okùn lábẹ́ awọ, iṣan la máa ń pè é. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Èyí tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé iná jó wa lọ́wọ́, iṣan ni. Ẹran apá tó máa ń le nígbà tí a bá gbé ẹrù, àwọn kan ń pe ìyẹn náà ní iṣan. Èyí tó so ẹran mọ́ eegun, bí irú èyí tó wà lókè gìgísẹ̀, iṣan. Èyí tó so eegun mọ́ eegun lójú oríkèé, iṣan náà ni! Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn yìí ló já ní orúnkún agbábọ́ọ̀lù yẹn. Kò ní ihò nínú tí ẹ̀jẹ̀ lè máa gbà ṣàn. Fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín ló kún inú rẹ̀, tí gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà bí òwú tí wọ́n fi lọ́ okùn.

Ligament ni àwọn dókítà ń pè é. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí "dì" tàbí "so" ló ti wá. Bó bá ṣe tèmi ni, "iṣan ìdè" ni ǹ bá máa pè é, kó lè yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ìdè" máa ń rán ènìyàn létí ẹ̀wọ̀n.

Kí ló dé tí orúnkún fi nílò ìdè tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìbàdí ná: orí eegun itan rí roboto, ó sì wọ inú kòtò tó gbà á dáadáa. Orúnkún kò ní irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ eegun itan yọ kókó roboto méjì, orí eegun ojúgun tó gbé e dúró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi bí ẹni gbé ẹyin méjì lé orí àwo. Tìmùtìmù méjì tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà láàárín wọn, wọ́n ń ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá a ṣe. Iṣan ìdè àti ẹran itan ló ń ṣe èyí tó kù.

Mẹ́rin ló gbajúmọ̀ nínú àwọn iṣan ìdè yìí. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ inú, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí orúnkún kejì, fẹ̀ bí ọ̀já, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, òun ni kì í jẹ́ kí orúnkún wọ́ sínú. Ti ẹ̀gbẹ́ ìta rí bí okùn. Kò so mọ́ ojúgun fúnra rẹ̀, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ló so mọ́. Ẹ lè fọwọ́ kàn án: ẹ jókòó, ẹ gbé kókósẹ̀ kan lé orúnkún kejì, kí ẹ wá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún ẹsẹ̀ tí ẹ gbé sókè, lójú oríkèé gan-an. Okùn líle kékeré tí ẹ bá níbẹ̀, òun ni.

Àwọn méjì tó kù wà nínú oríkèé gan-an, wọ́n dábùú ara wọn bí lẹ́tà X. Ti iwájú bẹ̀rẹ̀ láti apá ẹ̀yìn eegun itan, ó sọ̀ kalẹ̀ wá so mọ́ iwájú orí ojúgun. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú lábẹ́ itan, kì í sì í jẹ́ kó yí kọjá bó ṣe yẹ. Ti ẹ̀yìn nípọn jù ú lọ, òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun sún sẹ́yìn. Ìjàǹbá ọkọ̀ wà lára ohun tó máa ń já a, nígbà tí orúnkún ẹni tó jókòó bá lọ gbá iwájú inú ọkọ̀.

Bí wọ́n bá ní iṣan orúnkún agbábọ́ọ̀lù já, ti iwájú yìí ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò fara kan onítọ̀hún. Ó lè jẹ́ pé ó fò, ó sì balẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń sáré, ó fẹ́ ṣẹ́rí padà lójijì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi nílẹ̀, ara sì ti yí lọ. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ pé àwọn gbọ́ "pó!" Láàárín wákàtí díẹ̀, orúnkún ti wú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wú u: iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké wà lára awọ tó bo iṣan ìdè náà, wọ́n á ya pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, oníbéèrè kò ṣìnà tán. Ẹ̀jẹ̀ dà lóòótọ́, inú oríkèé ló dà sí, kò sì tó èyí tó ń pani.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣe, èdè wa là á dáadáa ju ti ọ̀rọ̀ orúkọ lọ. Eegun ló ń ṣẹ́. Oríkèé ló ń yẹ̀, bí eegun bá kúrò ní ààyè rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó rọ́, iṣan ìdè ló nà jù tàbí tó ya díẹ̀. Bó bá pín sí méjì, ó já nìyẹn.

Ti ẹ̀gbẹ́ inú sábà máa ń jinná láìsí iṣẹ́ abẹ. Ti iwájú kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, torí inú omi oríkèé ló wà, ẹ̀jẹ̀ kò lè dì sáàárín ojú méjèèjì tó já kó fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í sì í sábà rán an. Iṣan mìíràn ni wọ́n máa ń mú, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti iwájú orúnkún, wọ́n á lu ihò sára eegun méjèèjì, wọ́n á sì kì í bọ inú ihò náà. Irú iṣan tó ń so ẹran mọ́ eegun ni wọ́n mú yẹn o, iṣẹ́ síso eegun mọ́ eegun ni wọ́n sì gbé fún un. Níbí yìí, orúkọ kan ṣoṣo tí a fún àwọn méjèèjì kò burú rárá.

Ní ti "jókòó sílé," kò jókòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀, kó máa nà án, kí ẹran itan má bàa joro. Iṣan tuntun náà kọ́kọ́ máa ń rọ kó tó tún le, torí ara ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ibẹ̀ ni oṣù mẹ́sàn-án yẹn ń lọ.