Èsì: Ṣé kí n dín ẹ̀tù kù kí ìbọn má baà ta sókè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ dín ẹ̀tù inú ọta yín kù títí power factor, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi agbára ọta hàn, yóò fi dúró sí 126, kí ìbọn ìléwọ́ yín má baà máa ta sókè jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Nínú òfin IPSC, àjọ àgbáyé tó ń darí ìdíje ìbọn yínyìn, Minor, ìyẹn ìpele agbára ọta tó kéré jù, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá 125. Bí ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta bá mú 124.9 jáde, 124 ni wọn yóò kà á sí. Ẹ ṣì lè yìnbọn dé òpin ìdíje, ṣùgbọ́n máàkì kankan kò ní wọlé fún yín. Ẹ ò rí i pé ó dunni!

Ẹ wo ọta tó wọn gíréènì 124 (gíréènì ni òṣùwọ̀n ìwúwo ọta), tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,050 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: ẹ fi 124 ṣe ìlọ́po 1,050, ẹ pín in sí 1,000, power factor 130.2 nìyẹn. Ibẹ̀ lọkàn mi balẹ̀ sí, torí òtútù nìkan lè bu díẹ̀ nínú eré ọta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan sípíríǹgì tó ń ti sláìdì, irin òkè ìbọn tó ń lọ tó ń bọ̀, padà síwájú. Bó bá le jù, imú ìbọn á rì nígbà tí sláìdì bá padà síwájú. Bó bá rọ̀ jù, sláìdì á máa gbá férémù, ìyẹn ara ìbọn tó jókòó lé lórí. Ọta tí ẹ ó gbé lọ sí ìdíje gan-an ni kí ẹ fi dán an wò.