Ẹ Bi Wá: Kẹ́ Ẹ Tó Sọ Pé Ó Ti Bàjẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, èyí tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ló dá lórí nǹkan tuntun tẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo kà wọ́n tán, ó sì ń ṣe mí bíi kí n lọ bá kálukú nílé kí n gba rìmóòtù lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ ní ó ti bàjẹ́ yẹn ò bàjẹ́ rárá, bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ ni ò bá yàrá yín mu. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà ni wọ́n tò ó fún, níbi tí iná ti ń tàn yòò tí tẹlifíṣọ̀n bí ogún wà lórí ìlà kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pariwo pé èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ilé yín ò rí bẹ́ẹ̀. Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, 4K ni, èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere gan-an, àmọ́ látọjọ́ tó ti dé, gbogbo fíìmù tí mo bá wò lórí ẹ̀ ló ń rí bíi pé wọ́n fi fóònù yà á nínú pálọ̀ ẹnì kan. Gbogbo nǹkan ń yọ̀ bọ̀rọ́ bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Ọkọ mi ní ojú mi ló ń ṣe mí, pé èyí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ojú mi ni lóòótọ́? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ojú yín dáa, nǹkan kan ò ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ rí wà níbẹ̀.

Fíìmù sinimá, àwòrán 24 ni wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Látìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni iye yẹn ti fìdí múlẹ̀, ojú gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n, a mọ bí ẹni tó ń sáré nínú fíìmù ṣe máa ń rí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣe bàìbàì díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yín ní tiẹ̀, ìgbà 60 tàbí 120 ló ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn. Nígbà tó wá rí i pé 24 péré ni wọ́n gbé fún òun, á wo àwòrán kìíní, á wo ìkejì, á ro èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn, á ṣe é fúnra ẹ̀, á sì ki í bọ àárín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, àwòrán tẹ́nikẹ́ni ò yà rí lẹ̀ ń wò yẹn, ó sì lè pọ̀ ju èyí tí wọ́n yà lọ.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Ẹ wá ibi tẹ́nì kan ti ń gbé ọwọ́ kọjá níwájú nǹkan tó ní ìlà-ìlà, bíi géètì onírin. Ẹ má wo ojú òṣèré, ẹtí ìka ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ẹ ó rí i tí àyíká ìka yẹn á máa gbọ̀n, bí ẹni ń wo nǹkan gba inú omi, irin géètì ẹ̀yìn ẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, tí ọwọ́ bá kọjá tán á tún padà tọ́. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti ń méfò, tó sì méfò sódì. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣàìrí i mọ́.

Ẹ mú rìmóòtù, ẹ lọ sí sẹ́tíńgì, ẹ wọ ibi àwòrán. Ohun tó ń ki àwòrán bọ àárín yẹn, LG ń pè é ní TruMotion, Sony ń pè é ní Motionflow, Samsung ń pè é ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity. Ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ Filmmaker Mode sí, ẹ tiẹ̀ yan ìyẹn kíá, torí àwọn oníṣẹ́ fíìmù àtàwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ló jọ gbé e jáde lọ́dún 2019 kí ẹ̀rọ má baà máa fọwọ́ kan iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí. Kẹ́ ẹ sì fi èyí han ọkọ yín: ní December 2018, òṣèré Tom Cruise àti Christopher McQuarrie tó ń darí fíìmù ẹ̀ gbé fídíò síta, wọ́n ń bẹ aráyé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa nǹkan yìí kí wọ́n tó wo iṣẹ́ àwọn.

Tẹ́ ẹ bá ti yí i, àwòrán á kọ́kọ́ dà bíi pé ó ṣókùnkùn, funfun ẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dá a padà, kí ojú yín lè sinmi kúrò lára iná bùlúù tí wọ́n fi ń fa oníbàárà.

Ṣé mo ní kí fíìmù kankan má ju 24 lọ ni? Rárá. Olùdarí fíìmù Peter Jackson fi àwòrán 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2012, Ang Lee tóun náà ń darí fíìmù dé 120 lọ́dún 2016, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ àmọ́ mo bọ̀wọ̀ fún un, torí oníṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló yàn án, ó tanná nítorí ẹ̀, ó kun àtíkè sójú òṣèré nítorí ẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n yín ò bi ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń wò, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn bó ṣe ń yọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo fíìmù tí mo bá ń wò, rìmóòtù ò kúrò lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi ò gbọ́, màá gbé e sókè, kí n tó mọ̀ ìbọn á dún gbàà, ọmọ á jí. Tẹlifíṣọ̀n yìí ò tíì pé ọdún kan o. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀ ni? — Ọmọ Fíìmù

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má pààrọ̀ nǹkan kan.

Kí o tó ka ìyókù, dìde, ki àtẹ́lẹwọ́ ẹ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yẹn, tàbí kí o gbé e sábẹ́ ẹ̀, nígbà tẹ́nì kan bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Wàá rí i tí ohùn ń ta sí ẹ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni sípíkà ẹ̀ wà. Ìwọ jókòó síwájú, ẹni tó wà nínú fíìmù ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ẹ̀yìn jáde yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni sípíkà ẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń wò ó, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe tó fẹ́lẹ́ bí àwo, àyè wo ni sípíkà gidi fẹ́ rí níbẹ̀?

Ìyẹn lọ́tọ̀. Fíìmù fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ 5.1, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ohùn ẹ̀ sí: ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, àárín, méjì lẹ́yìn, àti èyí tó ń gbé ohùn ńlá tó ń mi ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, àárín ni púpọ̀ ẹ̀ wà. Tẹlifíṣọ̀n ẹ wá ní sípíkà méjì péré, ló bá rọ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìbọn àti orin àti òjò àti ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n jọ ń du ẹnu ọ̀nà kan náà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló máa ń pàdánù.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Tí o bá ti ń wo fíìmù lórí àpù, lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èdè, wo ibi ohùn, tí o bá rí Stereo, ìyẹn ohùn tí wọ́n tò fún sípíkà méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.1, Stereo ni kí o mú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ sẹ́tíńgì ohùn tẹlifíṣọ̀n, wá Night Mode tàbí Clear Voice, orúkọ ẹ̀ ò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíì. Night Mode á fa ariwo sílẹ̀, á gbé ohùn kékeré sókè, ọmọ á sùn. Tí o bá ṣe gbogbo ìyẹn tí kò tó, sípíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n ni kí o fowó ẹ rà, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n míì, kí o sì rí i pé ó ní sípíkà ti àárín, wọ́n máa ń kọ 3.1 sára ẹ̀.

Àkọlé ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Èmi ń lò ó, kódà fún fíìmù tí mo gbọ́ èdè ẹ̀ yékéyéké.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n fún mi ní mo gbọ́dọ̀ ra wáyà HDMI (èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọ tẹlifíṣọ̀n) olówó ńlá tí wọ́n fi wúrà bo ẹnu ẹ̀, pé ìyẹn láwòrán á fi mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Mo Fẹ́ Mọ̀

ÌDÁHÙN: Kì í ṣòótọ́. Nọ́ńbà ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá, tó bá ti débi tó ń lọ, ó ti dé, wúrà ò lè mú un dé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbá géèmù 4K lórí 120Hz, ìyẹn ìgbà 120 tí àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nìkan ló yẹ kó wò ó dáadáa pé wọ́n kọ Ultra High Speed sára páálí ẹ̀, èyí tó ń gbé 48 gigabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó parí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọmọ ọdún 13 ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló ń jẹ́ kí wọ́n máa na òun nínú géèmù, pé tóun bá tẹ bọ́tìnnì, ẹni òun kì í tètè fò. Mo ní àwáwí ni. — Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

ÌDÁHÙN: Ẹ gba ọmọ yẹn gbọ́, sà. Gbogbo iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe lára àwòrán kó tó gbé e jáde, títí kan èyí tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì lókè, àkókò ló ń gbà, bó ti wù kó kéré tó, ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ yá á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ tan Game Mode, kẹ́ ẹ wá jókòó tì í kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa gbá a.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ń tọ́jú owó kọ̀ńsólù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra èyí tí ò ní ojú dísìkì, pé gbogbo nǹkan ti di orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Òmíì ní mo máa kábàámọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Agbágéèmù

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Géèmù tí o bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ láti lò ó ni wọ́n tà fún ẹ, wọn ò ta géèmù. Látìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí àwọn tó ń tà á kọ "rà á" síbẹ̀ láìsọ fún oníbàárà pé ìwé àṣẹ lásán ló ń gbà. Mo dúpẹ́ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ síta, àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, mélòó nínú wa ló mọ̀?

Torí ìyẹn, èyí tó ní ojú dísìkì ni kí o rà. O lè tún dísìkì tà, o lè yá àbúrò ẹ, kò sẹ́ni tó máa gba ibì kan wọlé wá yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ ẹ. Ṣùgbọ́n má rò pé dísìkì nìkan ti tó o, ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ wo The Crew, géèmù ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde lọ́dún 2014. Ní March 31, 2024, wọ́n pa sẹ́fà ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ géèmù náà ò lè ṣí láìbá sẹ́fà yẹn sọ̀rọ̀, kódà fún ẹni tó fẹ́ dá wa ọkọ̀ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ní dísìkì àtẹni tí ò ní, wọ́n jọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìjà tí wọ́n ń pè ní Stop Killing Games, tí àwọn agbágéèmù ń jà kí ilé iṣẹ́ má máa pa géèmù tí èèyàn ti rà, mo sì wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Mi ò sọ pé kí ilé iṣẹ́ máa sanwó sẹ́fà títí ayérayé, ohun tí mò ń sọ ni pé tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó ra géèmù kankan, wá a wò bóyá ó lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà nílé ẹ, fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lálẹ́ ọjọ́ kan, pa Wi-Fi, kí o wá gbá a. Èyí tó bá ṣí, tìẹ ni. Lórí kọ̀ǹpútà, GOG, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń jẹ́ kí o gbé fáìlì géèmù wálé kí o fi pamọ́ sórí dísìkì tìẹ, mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Kọ̀ǹpútà mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwé ni mò ń fi kọ, mo fi ń ka lẹ́tà, mo sì fi ń wo fíìmù àtijọ́. Ó wá ń sọ fún mi pé Windows 10, ètò tó ń darí ẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀, pé kí n lọ ra òmíì torí èyí ò lè gba Windows 11. Ṣé kí n jù ú nù ni? — Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jù ú nù, ẹ jọ̀ọ́.

October 14, 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10. Kọ̀ǹpútà ò ní kú, àmọ́ tí olè bá rí ihò tuntun lára ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dí i mọ́. Ìdí tí tiyín ò fi gba 11 ni pé ó ń béèrè fún ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) tí ò gbó jù, kì í ṣe pé ẹ̀rọ yín ò lágbára ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, Microsoft ṣí àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó nílé láti forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di October 13, 2026. Ìkejì lèmi máa yàn: Linux, ètò míì tó lè rọ́pò Windows, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní kọ́mọ tó mọ̀ ọ́n bá yín gbé Linux Mint, ẹ̀yà Linux kan, sórí fíláàṣì. Ó lè ti orí fíláàṣì yẹn ṣí láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ lò ó ní ìrọ̀lẹ́ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bá ọwọ́ yín mu. LibreOffice wà nínú ẹ̀, á ṣí àwọn ìwé Word yín, ó kàn lè yí bí tábìlì àti àwòrán ṣe tò díẹ̀. VLC á wo fíìmù yín.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé àti fọ́tò yín sórí dísìkì míì, kẹ́ ẹ ṣí ìwé mélòó kan láti orí ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń ṣí, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.