Ọjọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú àwọn ará ọ́fíìsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjìlélógún la jọ ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. A fẹ́ fi Sátidé kan wo àwọn ibi àtijọ́ l'Ékòó, ká sì jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ ya Lẹ́kí, àwọn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ti tó. Báwo la ṣe máa tò ó tí kò fi ní dàrú mọ́ wa lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi Lẹ́kí sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 níbẹ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ bá pa ibi méjèèjì pọ̀, inú bọ́ọ̀sì lẹ máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Láti Tinúbú Square dé Oníkan kò tó kìlómítà méjì, ohun tó sì wà láàárín wọn á gba yín títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín.

Bọ́ọ̀sì kósítà kan gbà yín tán. Nígbà tí ẹ bá ń ná an, ẹ bèèrè bóyá epo àti oúnjẹ dírẹ́bà wà nínú iye tó pè, ẹ sì fẹnu kò sí aago tó máa dá yín padà, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ó gbéra n'Íkẹjà ní aago 7 òwúrọ̀, kí ó já yín sílẹ̀ ní Marina, kí ó sì lọ dúró dè yín ní Tafawa Balewa Square. Ẹ má jẹ́ kó wọ Balógun rárá: lọ́jọ́ Sátidé, ọjà ti bọ́ sí ojú títì níbẹ̀, mọ́tò ò ní rọ́nà síwájú, kò sì ní rọ́nà sẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé ní apá Máìlì 2 àti Orílé kò nílò láti wá s'Íkẹjà. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, Marina ló ń parí sí. Kí wọ́n ti fi owó sí káàdì Cowry láti ilé, torí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀.

Ẹ̀wà agọ̀yìn àti búrẹ́dì Agége ni kí ẹ fi ṣínu. Ẹ ti bá ìyá alẹ́wà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí èèyàn méjìlélógún lè dé kí ìkòkò ti gbẹ. Ata rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Epo gbọ́dọ̀ ti dúdú, kí ata gbígbẹ tí wọ́n gún má kúnná, kí àlùbọ́sà sì ti din títí tó fi ń ta sánsán. Tó bá korò lẹ́nu, àlùbọ́sà ti jóná kọjá ààlà nìyẹn. Tí epo bá ṣì pupa fòò, ọbẹ̀ ata lásán ni wọ́n bù fún yín. Ní ti ẹ̀wà fúnra rẹ̀, bí ṣíbí bá ṣe kàn án ló yẹ kó fọ́. Ẹ má jẹ ẹ́ yó o, ìrìn ń bẹ níwájú.

Kí ó tó di aago 9, ẹ ti gba Balógun kọjá lọ sí Mọ́sáláásí Shitta-Bey ní Martins Street, kí èrò tó dí ọ̀nà. Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà mẹ́ta, kí olórí kan wà fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí fóònù wà ní àpò iwájú. Ẹni tó bá sọnù, Tinúbú Square ni kó lọ dúró sí. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́sáláásí náà, àwọn ọ̀mọ̀lé Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà símẹ́ǹtì ara rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí irú rẹ̀ lára àwọn ilé ní Pópó Àgùdà. Bí wọ́n bá gbà yín láyè wọlé, ẹ bọ́ bàtà, kí obìnrin borí.

Láti Tinúbú, ẹ gba Kakawa Street, kí ẹ wo Water House láti ìta, ilé ìdílé Da Rocha tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó nígbà kan. Lẹ́yìn èyí, ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral ti Marina. Kí ó tó di aago 11, kí ẹ ti wà ní Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi Herbert Macaulay sí. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ ni orí ìtàgé wà báyìí. Gbogbo yín ni kó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, torí ó ṣòro láti rí èyí tó mọ́ lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sán, ẹ jẹ frejon ní agbègbè Campos. Ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi funfun tí wọ́n fún lára àgbọn rírin àti ṣúgà sè títí tó fi ki ni. Ẹja ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni àwọn ọmọ Àgùdà máa ń sè é, nítorí náà ẹ ní láti bẹ ẹnì kan níṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni kó sè é, kó gbé e sínú kúlà ní gbígbóná. Tí wọ́n bá sè é mọ́jú, omi àgbọn inú rẹ̀ á kan: ẹ máa rí i tó ń hó ìfófòó, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ má fi í sẹ́nu. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nítorí ṣúgà rẹ̀, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn fún un.

Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan ló kàn ní aago 2. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed nínú rẹ̀ ní ọdún 1976 wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ṣí, ẹ sì bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ní ti Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ẹ má lọ síbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì ti dá yín lóhùn.

Owó ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù. Akápò kan ṣoṣo ni kó gbà á, kí ó sì ti pé ní Ọjọ́rú. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún àìròtẹ́lẹ̀. Kí ó mú owó wẹ́wẹ́ dání, kí gbogbo èèyàn má baà dúró sínú oòrùn nítorí tíráńsífà kan tí kò wọlé. Àpò píọ́wọ́tà mẹ́ta, tí ogún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tó yín. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá dá yín dúró nítorí fọ́tò, kí àgbà kan ṣoṣo nínú yín bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó kí wọn dáadáa. Bí ẹnu bá ti pọ̀, ọ̀rọ̀ á le.

Aago 4, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ ya Ọbáléndé fún súyà, ẹ ní kí màlámù dá a padà sórí iná kí ó tó gé e, torí èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sán ti le. Inú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti jẹ ẹ́, kí àwọn tó ń ti òde bọ̀ tó dí afárá.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ bi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan bóyá Ẹ̀yọ̀ ò ní jáde lọ́jọ́ náà. Bí Ẹ̀yọ̀ bá wà níta, ẹ ò ní lè wọ bàtà níbi tó bá ń gbà kọjá, obìnrin ò sì gbọdọ̀ wé gèlè tàbí di súkù.