Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá ná kẹ́ ẹ tó ra koríko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Maryland l'Amẹ́ríkà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán: ẹ̀yìnkùlé Màmá ní Abẹ́òkúta tí òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ tó wá ku yangí àti òkúta, ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún wọn tó ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, típà iyẹ̀pẹ̀ dúdú mẹ́jọ tí bíríkìlà kà fún yín, àti irúgbìn koríko tall fescue àpò méjì tẹ́ ẹ ti rà sílẹ̀ lọ́hùn-ún láti fi gbìn síbẹ̀.

Irúgbìn yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà bí rìsíìtì bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tall fescue tẹ́ ẹ rí ní àgbàlá àwọn ará Maryland, koríko ilẹ̀ tútù ni, ooru Abẹ́òkúta á pa á ni. Yàtọ̀ síyẹn, irúgbìn kì í ṣe ohun téèyàn ń kì bọ inú àpótí wọ Nàìjíríà. Ẹ máa gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn àti ẹran tó ń wọ Nàìjíríà wò, ẹ tún máa gbàwé láti Amẹ́ríkà pé kò lárùn. Gbogbo ìyẹn nítorí koríko tí kò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn kan já!

Ó wá ku ẹni tó kó iyẹ̀pẹ̀ yín lọ. Ẹ gbójú sókè wo òrùlé. Bí òrùlé bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, tí òjò ńlá kan sì rọ̀ tó mìlímítà 50, líta omi 7,500 ló máa já bọ́ látorí rẹ̀, ìyẹn bíi dúrọ́ọ̀mù 37. Nígbà tí kò sí gọ́tà létí òrùlé, ojú kan náà ni ọ̀sọ́ọ̀rọ̀ ń gbẹ́ lójoojúmọ́, ilẹ̀ tó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi tiyín á kàn máa bá a lọ. Àgbàrá òjò kò kúkú lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Láti London ni mo ti fi owó típà mẹ́ta ránṣẹ́ sílé bàbá mi ní Ìdí-Àbá ní oṣù Kẹrin ọdún kan. Wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, inú mi dùn. Kó tó di ìparí oṣù Kẹfà, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú oko àgbàdo aládùúgbò wa nísàlẹ̀. Àgbàdo wọn dára lọ́dún yẹn o! Wọ́n tiẹ̀ fún wa jẹ níbẹ̀.

Torí náà, gọ́tà òrùlé ni kí owó àkọ́kọ́ yín lọ fún, pẹ̀lú páìpù tó máa gbé omi lọ sínú táǹkì tàbí gọ́tà àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó wá kó o dà nù. Kí wọ́n fi dígà ṣa èyí tó bá tóbi ju ìkúùkù lọ, kí wọ́n tò ó sórí ìlà tó dábùú ibi tí ilẹ̀ dà sí, ìlà kan sí èkejì bíi mítà mẹ́ta. Kí ìdajì òkúta ìsàlẹ̀ rì sínú ilẹ̀, kí ọ̀gbàrá má baà wú u. Omi tó bá kọlu ìlà náà á rọra, á sì fi iyẹ̀pẹ̀ tó gbé sílẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá àpáta gidi, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Abẹ́òkúta lẹ kọ́lé sí, àpáta ló ṣáájú gbogbo wa débẹ̀. Kí wọ́n gbin òdòdó yí i ká.

Típà mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Ẹ ní ẹ̀yìnkùlé náà jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 12 lóòró. Iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 15 níbẹ̀ jẹ́ mítà kúbíkì 18, típà oní-tọ́ọ̀nù-mẹ́wàá mẹ́ta sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi dígà tú ojú ilẹ̀ líle náà, torí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kàn dà lé yangí tó ń dán á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni. Kí wọ́n sì má kó o ti ògiri ilé. Kí ó rẹlẹ̀ sí ojú ilẹ̀ inú ilé dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkán á gba ibẹ̀ wọlé.

Kí típà tó tú ẹrù, ẹ ní kí àbúrò yín bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sínú ìgò, kó bomi sí i, kó mì í, kó gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó sì fi hàn yín lórí WhatsApp. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á gorí rẹ̀, ìdọ̀tí dúdú tó ti jẹrà á léfòó. Bó bá jẹ́ yanrìn pupa nìkan lẹ rí, fílín ìkọ́lé ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ilẹ̀ ààtàn lọ́ràá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgò fífọ́ àti bátìrì wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì máa ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán. Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì kó gbòǹgbò èèkan wá, ọdún méjì gbáko la fi ń fà á tu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀, kó ti jẹrà fún bí oṣù méjì, torí tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò.

Koríko ńkọ́? Lọ́wọ́ àwọn olódòdó etí títì lẹ ti máa rí i, àpò àpò ni wọ́n ń tà á. Lábẹ́ igi máńgòrò tẹ́ ẹ ní ó wà níbẹ̀, carpet grass ni, ó fara da ibòòji. Níbi tí oòrùn ti ń pa, Bahama grass ló yẹ. Kí wọ́n má da méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n gbìn ín ní ìdì kéékèèké, ìbú ọwọ́ méjì síra wọn.

Oṣù Kẹfà la wà yìí. Kí gọ́tà àti òkúta parí ní oṣù Keje, kí iyẹ̀pẹ̀ dé nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí koríko wọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, kí òjò kejì bá a. Bó bá fi lè di ìparí oṣù Kẹwàá tẹ́ ò tíì gbìn ín, ẹ gbàgbé rẹ̀ di oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ọyẹ́ ò mọ ọjọ́ ìbí Màmá.

Owó náà, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ti ìpele kan tó jáde kí wọ́n fi tépù wọn iṣẹ́ tó ti kọjá lójú fídíò. Mo mọ̀ pé àbúrò yín ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Èmi náà, àbúrò mi ni.

Ẹ sì sọ fáwọn oní-kánópì pé iwájú ilé ni wọ́n máa ta á sí. Koríko oṣù mẹ́ta ò tíì lè gba irin kánópì àti bàtà igba àlejò mọ́ra. Nígbà tí òjò bá tún rọ̀, kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó ya fídíò ibi tí omi ń gbà. Ẹ fi ránṣẹ́ síbí, ká jọ wò ó.