Power Pack Kan Bú, Ó Kó Àwọn Yòókù Lọ: Ta Ni Yóò San Án?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo ra power pack tuntun (àpótí tó ń pín iná fún àwọn ohun inú kọ̀ǹpútà) fún kọ̀ǹpútà mi ní ọ̀kan nínú àwọn plaza tó wà ní Wuse 2. ₦48,000 ni mo rà á, wọ́n sì kọ wárántì ọdún kan sí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, mo gbọ́ "pàà!", òórùn ìjóná sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà, motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀) kò dáhùn, hard disk tó ń tọ́jú iṣẹ́ mi kò yí, graphics card tó ń gbé àwòrán jáde náà dákẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní òun yóò fún mi ní power pack mìíràn, kí n ṣáà gbé èyí tó bàjẹ́ wá, nítorí ìyẹn nìkan ni wárántì mọ̀. Ó tún ní iná NEPA ló máa fà á. Àwọn nǹkan yòókù tó bàjẹ́ tó ₦480,000. Ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÈSÌ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti pè yín lórí fóònù pé kí ẹ má tíì gbé power pack yẹn kúrò nílé. Mo tún ń kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ẹlòmíràn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àbújá, irú ẹjọ́ yìí kò sì yé dé ọ̀dọ̀ mi. Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pàdánù: wọ́n á ti dá ohun tó ṣe wọ́n ní jàǹbá padà kí wọ́n tó rántí béèrè owó jàǹbá.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Lọ́dún 2011 mo ra power pack fún oníbàárà mi kan ní Nyanya, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jó hard disk méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sáré gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó ní "hakuri, hakuri" (ẹ ṣe sùúrù), ó sọ ọ́ sí abẹ́ káńtà, ó sì kó tuntun lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo gbé àwọn hard disk náà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní power pack wo ni mo ń wí? Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ káńtà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó hard disk méjèèjì fún oníbàárà mi.

Ọkùnrin tó tajà fún yín kò parọ́ lórí ohun tí ìwé wárántì wí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà ló kọ ìwé yẹn, ó sì kọ ọ́ sí àǹfààní ara rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa, ẹ óò rí i pé wọ́n á tún ọjà náà ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àwọn kò sì ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá tìdí rẹ̀ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nàìjíríà ní òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó gbé àjọ FCCPC dìde rọ́pò àjọ Consumer Protection Council àtijọ́. Apá 136 nínú rẹ̀ sọ pé bí ọjà tó lábùkù bá fa ìbàjẹ́, ẹni tó pèsè ọjà náà fún yín ni yóò dáhùn fún ìbàjẹ́ ọ̀hún. Òfin yìí kan náà kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ìwé tó kọ fúnra rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín. Nítorí náà, power pack tuntun ni kí ẹ fi wárántì gbà, òfin ni kí ẹ fi béèrè owó motherboard, hard disk àti graphics card. Ẹ má jẹ́ kí ó pa méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú.

Ẹ̀rí ló kù, òun ló sì le jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àpótí kékeré yẹn ń ṣe. Ó ń gba iná ńlá láti ara ògiri, bíi 220 sí 240 volt, ó sì ń bù ú sí wẹ́wẹ́: 12 volt lára wáyà aláwọ̀ ìyeyè, 5 volt lára pupa, 3.3 volt lára aláwọ̀ ọsàn. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é kò gbà kí ó fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín. Bí ẹ bá fi mítà kan wáyà pupa, kò gbọdọ̀ kọjá 5.25. Èyí tó dára ní ẹ̀ṣọ́ nínú tó máa ń pa á fúnra rẹ̀ bí iná bá fẹ́ kọjá ààlà. Bí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá kùnà, gbogbo ohun tó ń mu nínú rẹ̀ ló máa mu májèlé. Ọjà olórúkọ ńlá náà lè lábùkù: lọ́dún 2021, Gigabyte ní kí àwọn kan lára àwọn tó ra P750GM àti P850GM wọn dá a padà gba òmíràn, lẹ́yìn tí àwọn tó ń dán ọjà wò ti fi hàn pé ó ń bú. Nọ́ńbà ara ọjà ni wọ́n fi mọ àwọn tó kàn. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ti yín kí ó hàn ketekete, pẹ̀lú rìsíìtì àti síìlì rẹ̀ tí kò tíì já. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i rárá. Wárántì yóò bà jẹ́ bí síìlì bá já, iná tó fi pamọ́ sínú sì lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnjiníà tí kò bá yín tan, tí kò bá olùtajà tan, kí ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kí ó buwọ́ lù ú. Hard disk yín gan-an lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára jù. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ óò rí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti ń wọlé, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké méjì sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ 12 volt, èkejì ń ṣọ́ 5 volt. Bí iná bá pọ̀jù, wọ́n á fi ara wọn jin kí àwọn yòókù lè yè. Bí mítà bá fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ti kú, iná tó ju agbára rẹ̀ lọ ló gba ibẹ̀ wọlé, power pack ló sì ń gbé iná lọ síbẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà nínú èyí: ẹni tó mọṣẹ́ lè yọ èyí tó kú kúrò, kí hard disk tún yí fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi kó fọ́tò àwọn oníbàárà yín jáde. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án o. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun yóò kàn fi bọ́ọ̀dù hard disk mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ gba hard disk náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ti hard disk yẹn nìkan wà lára bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ní ti iná NEPA, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín wà lórí extension kan náà, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ìwé. Ó ṣòro kí iná burúkú wọlé kó mú ọ̀kan, kó fi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí Sátidé yẹn tó dé, ṣé ẹnikẹ́ni tún wáyà inú kọ̀ǹpútà náà tò, tí kò lo àwọn tó wà nínú páálí power pack tuntun yẹn, tó fi ti àtijọ́ sí i? Wáyà tó ṣeé yọ lára power pack kan kì í sábà bá òmíràn mu, bó tilẹ̀ wọ ihò rẹ̀ geere. 12 volt lè gba ojú ọ̀nà 5 volt lọ, kí hard disk jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní bọ́tìnì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Níbí, 230 ló gbọdọ̀ wà. Bí àṣìṣe bá ti ọ̀kan nínú méjèèjì wá, ẹni tó bá yín tò ó ni kí ẹ lọ bá, ẹ má yọ olùtajà lẹ́nu.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí olùtajà, ẹ so ẹ̀dà ìròyìn ẹnjiníà, rìsíìtì àti àwọn fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ó buwọ́ lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá fẹ́ gba power pack tó bàjẹ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà á, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ owó àwọn yòókù kò tíì parí. Bí ó bá kọ̀, ẹ kó gbogbo ìwé yín lọ sí FCCPC, ọ́fíìsì wọn wà ní Jimmy Carter Street ní Asokoro. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ẹ ti bá olùtajà sọ ọ́, lẹ́tà yẹn ni ẹ óò sì fi dáhùn.

Ẹ má béèrè owó tuntun fún ohun tí ẹ ti lò fún ọdún mẹ́ta. Ẹ béèrè iye tí irú rẹ̀ tí wọ́n ti lò ń tà lónìí, ìyẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n fi etí sílẹ̀ sí yín. Ní ti graphics card, ẹ má tíì kà á mọ́ òkú. Bí mo ṣe lóye lẹ́tà yín, ó jọ pé orí motherboard tó ti kú ni wọ́n ti dán an wò. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo fi ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.